Ìyá kan béèrè: ṣé kí ọmọ mi gbà pé òun jẹ̀bi, kó lè máa lọ sílé?

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìjẹ̀bú-Òde. Mo gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, mo sì yọ ohun tó lè fi wọ́n hàn kúrò: “Àkọ́bí mi ń gbé ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ó ti gba gíríìn káàdì. Lóṣù tó kọjá, ọlọ́pàá dá a dúró lójú títì pé iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kan kò tàn. Wọ́n tú ọkọ̀, wọ́n rí àgúnmu jẹ̀díjẹ̀dí tí mo fi rán ẹnì kan sí i, ó funfun bíi láfún. Wọ́n da nǹkan sí i lójú ẹsẹ̀, ó di aró, wọ́n ní kokéènì ni. Láti ọjọ́ náà ló ti wà ní àtìmọ́lé, a kò rí owó béèlì san. Lọ́yà tí ìjọba fún un sọ pé bó bá gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n á fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n á kàn máa ṣọ́ ọ fún ọdún márùn-ún ni. Bí kò bá gbà, ó lè lo ogún ọdún. Èmi ní kó fọwọ́ sí i kó máa lọ sílé, ó ní òun kò ṣe nǹkan kan. Bàbá rẹ̀ ní òyìnbó kì í fi aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n, pé àwọn akátá ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí, pé a kì í ṣe ara wọn. Ṣé ọ̀nà wà tí a lè gbà rí adájọ́ náà? Mo ṣáà mọ̀ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Kí ni ká ṣe?”

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run yóò kó ọmọ náà yọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ògbufọ̀ kóòtù ni mí. Ọdún méjìlélógún ni mo fi dúró láàárín ọmọ Yorùbá àti adájọ́ Amẹ́ríkà, tí mò ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí mò ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. N kò lè sọ fún ọmọ yín pé ṣe báyìí, má ṣe báyìí. Lọ́yà tó ti rí ìwé ẹjọ́ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á nímọ̀ràn, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa pinnu. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀pọ̀ ìyá tó dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, mo sì ti rí ohun tí ìwé tí ẹ ní kó fọwọ́ sí yẹn ń ṣe fún èèyàn lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tún sọ fún un pé kó fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ tó ka èyí tán.

Nílé wa, bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn, tí wọ́n ní kó kọ nǹkan kan kí wọ́n lè tú u sílẹ̀, ó máa ń dà bí ìwé lásán lójú wa. Èèyàn á kọ ọ́, á jáde, ọ̀rọ̀ á tán. Ní Amẹ́ríkà, ìdájọ́ gan-an nìyẹn. Ẹjọ́ tó máa ń dé ibi tí àwọn ará ìlú méjìlá ti máa jókòó gbọ́ ẹlẹ́rìí, kí wọ́n tó sọ bóyá ẹnì kan jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, kò wọ́pọ̀ mọ́. Nínú 100 èèyàn tí wọ́n dá lẹ́bi, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé ẹnu ara wọn ni wọ́n fi sọ pé àwọn jẹ̀bi, lẹ́yìn àdéhùn pẹ̀lú agbẹjọ́rò ìjọba. Agbẹjọ́rò ìjọba á gbé ìyà ńlá sápá kan, á gbé kékeré sápá kejì, á ní kí èèyàn mú ọ̀kan. Ẹni tó ṣẹ̀ máa ń mú kékeré. Ẹni tí kò ṣẹ̀ náà máa ń mú un, pàápàá tó bá ti sùn sí àtìmọ́lé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti fẹ́ bọ́, tí owó ilé ti pé.

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún dúró níwájú adájọ́. Aṣọ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fún un tóbi jù ú lọ, ọwọ́ òsì ló fi di ìbàdí ṣòkòtò mú kó má baà já. Adájọ́ bi í ní ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbà: “Ṣé torí pé o jẹ̀bi lo ṣe sọ pé o jẹ̀bi, kì í ṣe torí nǹkan mìíràn?” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ?” Òfin iṣẹ́ wa ni pé ògbufọ̀ kò gbọ́dọ̀ dáhùn, gbogbo ohun tí èèyàn bá sì sọ ló gbọ́dọ̀ túmọ̀. Mo yíjú sí adájọ́, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀: ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ. Kóòtù pa lọ́lọ́. Lọ́yà rẹ̀ ní kí wọ́n fún àwọn ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n padà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, torí pé òun jẹ̀bi ni, kò sì sí ẹni tó fipá mú òun. Ó sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́dún kejì, ó wálé wá sìnkú bàbá rẹ̀. Nígbà tó ń padà, àwọn ìmígíréṣọ̀n dá a dúró ní pápákọ̀ òfurufú nítorí ìwé tó fọwọ́ sí lọ́jọ́ yẹn.

Ní ti àgúnmu tó di aró, mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Oògùn olómi tí wọ́n ń dà sí nǹkan lójú títì yẹn kò ju dọ́là méjì lọ. Kokéènì ló ń wá, ṣùgbọ́n ó lé ní 80 nǹkan mìíràn tó máa ń sọ ọ́ di aró bákan náà, títí kan àwọn oògùn irorẹ́ kan àti ọṣẹ olómi tí wọ́n fi ń nu ilé. Àwọn tó ń yẹ nǹkan wò nínú ilé ìyẹ̀wò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kóòtù náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í sábà jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀rí níwájú àwọn méjìlá; ẹrù náà gbọ́dọ̀ lọ sí ilé ìyẹ̀wò gidi. Àmọ́ bí èèyàn bá ti gbà pé òun jẹ̀bi, ta ló tún fẹ́ béèrè ẹ̀rí?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Houston nìyẹn, ní Texas kan náà tí ọmọ yín wà. Lọ́pọ̀ ọdún, àwọn èèyàn ń gbà pé àwọn jẹ̀bi láàárín ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n mú wọn, nítorí oògùn olómi yìí. Ilé ìyẹ̀wò ibẹ̀ kò da ẹrù wọn nù. Bí àyè ṣe ń yọ, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà mìíràn ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn tí ẹni tó ni ín ti ṣẹ̀wọ̀n tán. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé kò sí oògùn olóró kankan nínú àwọn kan. Àwọn tí wọ́n ti wá dá láre níbẹ̀ báyìí, lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ pé àwọn jẹ̀bi, lé ní 100. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n mú lọ́dún 2010, tó gbà láti ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ 45 nítorí ẹ̀rúnrún kan tí wọ́n rí nílẹ̀ ọkọ̀. Kì í ṣe oògùn olóró. Nígbà tó yá, agbẹjọ́rò ìjọba níbẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n má gba “mo jẹ̀bi” mọ́ nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kí àbájáde ilé ìyẹ̀wò tó dé, ọlọ́pàá Houston sì pa oògùn olómi náà tì lọ́dún 2017. Kì í ṣe gbogbo ìlú ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo dárúkọ obìnrin òyìnbó yẹn ká má baà sọ pé dúdú nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kí Bàbá, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀, lápá méjèèjì. Èkínní, òyìnbó ń fi aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n. National Registry of Exonerations ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n dá láre lẹ́yìn ìdájọ́ ẹ̀bi ní Amẹ́ríkà sílẹ̀ láti ọdún 1989. Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn jáde lórí ẹ̀yà àti àwọ̀ lọ́dún 2022, iye náà ti tó 3,200. Àwọn aláwọ̀ dúdú kò ju ìdá 14 nínú 100 àwọn ará Amẹ́ríkà lọ, àmọ́ ìdá 53 ni wọ́n jẹ́ nínú àwọn tí wọ́n dá láre náà. Ní ti oògùn olóró, ìròyìn náà sọ pé dúdú tí kò ṣẹ̀ wà nínú ewu kí wọ́n dá a lẹ́bi ní ìlọ́po 19 ju funfun tí kò ṣẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí dúdú ṣe ń lò ó náà ni funfun ń lò ó. Ibi tí ọlọ́pàá bá ti ń wá nǹkan ni wọ́n ti máa rí i, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ṣì í rí. Ọkọ̀ tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ kò tàn pọ̀ ní Texas, kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ń tú.

Èkejì, ọlọ́pàá tó dá ọkọ̀ dúró lálẹ́ kì í béèrè oríkì. Lọ́dún 1999, ọlọ́pàá mẹ́rin ní New York yìnbọn 41 mọ́ Amadou Diallo lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ọmọ Guinea ni, òwò ló ń ṣe, pọ́ọ̀sì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ tí Bàbá sì pe àwọn dúdú Amẹ́ríkà yẹn, ẹ jẹ́ ká yé pè wọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe torí ìwà ọmọlúàbí nìkan. Lọ́dún 1931, ní Scottsboro ní Alabama, wọ́n mú ọmọ dúdú mẹ́sàn-án pé wọ́n fipá bá obìnrin òyìnbó méjì lò, wọ́n sì sáré dájọ́ ikú fún mẹ́jọ nínú wọn láàárín ọjọ́ mélòó kan, láìsí lọ́yà tó ráyè múra ẹjọ́ wọn. Irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Nínú ẹjọ́ wọn ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti kọ́kọ́ sọ, lọ́dún 1932, pé ẹni tí wọ́n fẹ́ dá ẹjọ́ ikú fún gbọ́dọ̀ ní lọ́yà gidi. Lọ́dún 1963, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ gbogbo aláìní tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn. Lọ́yà tí ọmọ yín ní lónìí láìsanwó, ara ìyà tí àwọn ọmọ yẹn jẹ ló ti jáde.

Ẹ lè bi mí pé kí ló fà á tó fi jẹ́ pé dúdú ni. Kò ṣẹ̀yìn ohun tí òfin fúnra rẹ̀ ti ṣe sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n fòpin sí ẹrú lọ́dún 1865, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹrú mọ́ àfi bó bá jẹ́ ìyà ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ ìhà gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nítorí pé wọ́n ń rìn kiri láìníṣẹ́, wọ́n ń fi wọ́n háyà fún oníoko. Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó tóbi jù ní Louisiana, oko ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Angola lorúkọ rẹ̀ dòní, orúkọ ìlú ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Ẹ tún wo òfin oògùn olóró ti ọdún 1986. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ń ta kokéènì alápòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní crack, gíráàmù 5 ti tó fún ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó ń ta kokéènì lẹ́búlẹ́bú, ó di 500 gíráàmù kó tó rí irú ẹ̀wọ̀n bẹ́ẹ̀. Nǹkan kan náà ni, àmọ́ àwọn dúdú ni wọ́n sábà máa ń mú pẹ̀lú crack. Ó di ọdún 2010 kí wọ́n tó dín ìyàtọ̀ náà kù, wọn kò sì pa á rẹ́.

Ojú èèyàn náà sì ń ṣìnà. Àwa gan-an máa ń sọ pé gbogbo ará Ṣáínà jọra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ń sọ nípa tiwa. Lọ́dún 1984, ẹnì kan fipá bá ọ̀dọ́bìnrin òyìnbó kan lò ní Burlington, North Carolina. Obìnrin náà la ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ẹni náà kó lè dá a mọ̀ lọ́la. Wọ́n to fọ́tò síwájú rẹ̀, ó mú Ronald Cotton. Wọ́n tún to èèyàn síwájú rẹ̀, Cotton náà ló mú, nítorí ojú tó rí nínú fọ́tò ti wọ inú orí rẹ̀ lọ. Wọ́n tiẹ̀ mú ẹni tó ṣe é gan-an, Bobby Poole, wá sí kóòtù, ó wò ó lójú, ó ní òun kò rí i rí. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí Cotton lò kí àyẹ̀wò DNA tó tú u sílẹ̀ lọ́dún 1995. Obìnrin náà kò purọ́, Màmá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn: ẹni tó gbà pé òótọ́ lòun ń sọ lè fi aláìṣẹ̀ sẹ́wọ̀n.

Ẹ ní ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá irọ́. Ó máa ń bá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ogún ọdún tó wà nínú òwe yẹn dáadáa. Wọ́n mú Anthony Ray Hinton ní Alabama lọ́dún 1985, ọmọ ọdún 29, pé ó pa àwọn máníjà ilé oúnjẹ méjì. Lákòókò tí wọ́n yìnbọn mọ́ ẹnì kẹta tó yè é, Hinton wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nínú ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n tì. Ìbọn àtijọ́ ti màmá rẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n ní ọta inú rẹ̀ bá èyí tí wọ́n rí mu. Lọ́yà rẹ̀ rò pé $1,000 péré ni òfin jẹ́ kóun ná lórí amòye ìbọn, kò mọ̀ pé òfin náà ti yí padà. Ẹni tó rí gbà níye yẹn jẹ́ olójú kan. Agbẹjọ́rò ìjọba bi í níwájú gbogbo èèyàn pé ojú mélòó ló ní, ó ní ọ̀kan. Ẹjọ́ ti tán nìyẹn. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Hinton fi dúró de ikú. Lọ́yà kan tó ń jẹ́ Bryan Stevenson àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Equal Justice Initiative, jà á dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, tó sọ lọ́dún 2014 pé iṣẹ́ lọ́yà àkọ́kọ́ yẹn kù káàtó. Wọ́n tún ọta náà yẹ̀ wò, wọn kò lè fi hàn pé inú ìbọn yẹn ló ti jáde. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2015 ló jáde. Màmá rẹ̀ tó ń wá wò ó ti kú. Alabama kò fún un ní owó gbà-má-bínú kankan. Òun sì rèé, kò gbà rárá pé òun jẹ̀bi. Ẹni tó bá ti fẹnu ara rẹ̀ gbà á, ẹrù rẹ̀ láti tú wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni wọ́n á máa fi dá a lóhùn.

Síbẹ̀, n kò ní tàn yín. Dídúró náà ń ná èèyàn. Kalief Browder, ọmọ ọdún 16 ní Bronx, ni wọ́n mú lọ́dún 2010 pé ó jí àpò ìkówèé. Béèlì $3,000, ẹbí rẹ̀ kò rí i. Wọ́n ní kó gbà kó máa lọ, ó kọ̀. Ọdún mẹ́ta ló lò ní Rikers, àtìmọ́lé ńlá kan ní New York, nǹkan bí ọdún méjì nínú rẹ̀ nínú àhámọ́ òun nìkan. Lọ́dún 2013 wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Lọ́dún 2015, ó pa ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ní òun kò ní gbà, ẹ má kàn yìn ín fún ìgboyà kẹ́ ẹ sì fi í sílẹ̀. Ó nílò ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Bó bá sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà pátápátá ni, tí àbájáde ilé ìyẹ̀wò sì burú, mo mọ lọ́yà tó dára tó máa ní kó gba àdéhùn, n kò sì ní bá a jà. Bó bá lọ síwájú àwọn méjìlá, ewu wà níbẹ̀ náà. Ní Mississippi, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni agbẹjọ́rò ìjọba kan náà gbé Curtis Flowers lọ sí kóòtù lórí ẹjọ́ kan. Nínú aláwọ̀ dúdú 42 tó lágbára láti yọ kúrò lára àwọn tó máa jókòó gbọ́ ẹjọ́, ó yọ 41. Ọdún 2019 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé e, ọdún 2020 ni wọ́n jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà.

Àmọ́ ọmọ yín kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, gíríìn káàdì ló ní, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ yìí jọ èyí tí wọ́n ń pè ní deferred adjudication ní Texas. Kóòtù á ní òun kò tíì dá a lẹ́bi, pé bó bá pa ọdún márùn-ún mọ́, ẹjọ́ náà á pa rẹ́. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n lójú òfin ìmígíréṣọ̀n, ọjọ́ tó bá ti la ẹnu sọ pé òun jẹ̀bi, tí wọ́n sì fi ìṣọ́ kan sí i lọ́rùn, ó ti jẹ̀bi, ẹ̀bi oògùn olóró sì tó láti fi lé ẹni tó ní gíríìn káàdì kúrò nílùú, yàtọ̀ sí igbó díẹ̀ tí kò ju 30 gíráàmù lọ, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Awakọ̀ akẹ́rù kan tó ń jẹ́ Padilla ti gbé Amẹ́ríkà ju 40 ọdún lọ, ó tiẹ̀ ti bá wọn jagun ní Vietnam. Lọ́yà rẹ̀ ní kó má fòyà, pé ó ti pẹ́ nílùú jù fún wọn láti lé e. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì dìde sí i. Lọ́dún 2010, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ nínú ẹjọ́ rẹ̀ pé dandan ni kí lọ́yà sọ fún àlejò bó bá jẹ́ pé gbígbà tó fẹ́ gbà á lè mú kí wọ́n lé e. Kí ọmọ yín bi lọ́yà rẹ̀ léèrè lọ́rọ̀ kan ṣoṣo: kí ni èyí máa ṣe sí gíríìn káàdì mi? Bí lọ́yà náà kò bá mọ̀ ọ́n, kó wá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó mú kálàmù. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì lọ́yà aláìní ló ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì tó yẹ kó béèrè ni pé, ṣé àgúnmu náà ti dé ilé ìyẹ̀wò, ìgbà wo ni àbájáde máa jáde, ṣé wọ́n sì lè dá ọ̀rọ̀ àdéhùn dúró títí dìgbà náà? Ogún ọdún tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà á wá láti ara ìwọ̀n. Texas máa ń wọn gbogbo lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n bá, ọ̀rá odindi. Bó bá wọn gíráàmù 4 títí dé ìwọ̀nba tí kò tó 200, ọdún 2 sí 20 ni òfin kọ síbẹ̀ fún kokéènì. Bí kò bá sí kokéènì nínú rẹ̀, gbogbo ìṣirò yẹn ti wó. Ohun kẹta ni béèlì. Òfin Texas sọ pé bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ńlá ti èèyàn mọ́lé, tí agbẹjọ́rò ìjọba kò sì ṣetán fún ẹjọ́ láàárín 90 ọjọ́, kí adájọ́ tú u sílẹ̀ lórí ìwé tàbí kó dín béèlì náà kù sí iye tó lè san. Kí lọ́yà rẹ̀ máa ka ọjọ́ náà. Kó tó pé, ó lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dín béèlì kù. Bí ẹ bá fẹ́ dáwó, àwọn tó ń fi béèlì ṣòwò níbẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, wọn kì í dá a padà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ta ilẹ̀.

Ẹ má wá bí ẹ ṣe máa rí adájọ́ o. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá mìíràn nìyẹn níbẹ̀, ọmọ yín ló máa jẹ ìyà rẹ̀. Àgúnmu tó ṣẹ́ kù nílé, ẹ má dà á nù, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lókè òkun. Ẹ dì í pọ̀, ẹ kọ orúkọ gbogbo egbò àti èèpo tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ibi tí ẹ ti rà á àti ẹni tó gún un. Kí àbúrò rẹ̀ kan fi ìwé náà ránṣẹ́ sí lọ́yà, sí lọ́yà nìkan, kì í ṣe sí inú àtìmọ́lé.

Nítorí pé wọ́n ń gba ohùn gbogbo ẹni tó bá fóònù láti àtìmọ́lé sílẹ̀. Ẹ má rò pé Yorùbá tí ẹ ń sọ máa bò yín. Èmi fúnra mi ni wọ́n ti gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ fún rí pé kí n túmọ̀. Ìyá kan sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, “Ìwọ sáà jẹ́wọ́ fún wọn, ṣebí wàá jáde?” Ó kàn ń bẹ ọmọ rẹ̀ ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ sílẹ̀, ó di ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun ṣe é, tó ní kó lọ jẹ́wọ́. Mo kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ ìwé náà. N kò mọ̀ bóyá ẹnikẹ́ni kà á.

Bó bá pè yín lọ́jọ́ Àìkú, ẹ bi í bóyá ó jẹun, bóyá ó sùn. Ẹ ki oríkì rẹ̀ fún un. Ẹ sọ fún un pé ẹ ti gbọ́ ohun tó sọ, ẹ kò sì ní fi dandan mú un mọ́. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àgúnmu, ẹ ní kó dákẹ́, kó sọ ọ́ fún lọ́yà rẹ̀.